Wáràńtì táblẹ́ẹ̀tì yín ti parí, àmọ́ ẹ̀tọ́ yín ò tíì parí

"Ọjà tí ẹ bá ti rà, a kì í gbà á padà." Ẹ wo ìsàlẹ̀ rìsíìtì tí wọ́n ń já fún wa ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ẹ máa rí irú gbólóhùn yìí níbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí táblẹ́ẹ̀tì tó ní wáràńtì ọdún kan bá wá kú ní oṣù kẹrìnlá, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni olùtajà máa sọ: "Wáràńtì ti parí."

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń gbé táblẹ́ẹ̀tì padà sínú báàgì, tá a sì máa yíjú sí àtirà òmíràn. Tẹ́lẹ̀, ìyẹn ṣì ṣeé fara dà díẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, nǹkan ti yí padà. Dọ́là kan tó wà ní bíi ₦460 sí ₦470 ní báńkì kó tó dìgbà yẹn ti kọjá ₦1,500 nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024. Òkè òkun ni táblẹ́ẹ̀tì ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ojú rẹ̀ àti bátìrì rẹ̀ ti ń wá. Ẹni tó ra tiẹ̀ kí náírà tó já, owó tó fi rà á nígbà yẹn lè má ra ìdajì irú rẹ̀ mọ́.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kọjá eré. Ọmọ tó ń fi táblẹ́ẹ̀tì múra JAMB sílẹ̀, télọ̀ tó kó gbogbo sítáì oníbàárà rẹ̀ sínú ẹ̀, ẹni tó ń ya àwòrán lórí ẹ̀ jẹun: tó bá kú, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ta ló wá yẹ kó sanwó?

Ìlérí méjì ló wà, ẹ má pa wọ́n pọ̀

Wáràńtì jẹ́ ìlérí tí ilé iṣẹ́ ṣe fúnra rẹ̀. Ó lè fún yín ní oṣù mẹ́fà, ó lè fún yín ní oṣù méjìlá. Ìlérí kejì inú òfin ló ti wá, olùtajà ò sì lè fi ìlà kan nísàlẹ̀ rìsíìtì pa á rẹ́.

Òfin náà ni Federal Competition and Consumer Protection Act, 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019. Ohun tí abala 131 inú rẹ̀ ń sọ ni pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dára, tó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, tí kò ní àbùkù, tó sì máa lálòpẹ́ fún àkókò tó bọ́gbọ́n mu, téèyàn bá wo irú ohun tí wọ́n ń lò ó fún.

Ẹ tún apá tó gbẹ̀yìn yẹn kà. Kò sọ pé oṣù méjìlá. Kò sọ pé títí wáràńtì á fi parí. Àkókò tó bọ́gbọ́n mu ló sọ. Táblẹ́ẹ̀tì kì í ṣe omi inú ọ̀rá téèyàn ń mu tán kó sọ ọ̀rá nù. Ẹni tó bá sọ pé oṣù mẹ́rìnlá ti tó fún ọjà olówó gọbọi, òun ló yẹ kó ṣàlàyé ara ẹ̀. Àjọ FCCPC tó ń mójú tó òfin yìí náà ti sọ ọ́ léraléra pé àkọlé "a kì í gbà á padà" ò lè gba ẹ̀tọ́ oníbàárà lọ́wọ́ ẹ̀ bí ọjà bá ní àbùkù.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ tó kù. Òfin ò ka iye ọdún fún táblẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ ní láti rojọ́ rẹ̀. Tó bá já bọ́, tí omi wọ inú ẹ̀, tàbí tí enjiníà àdúgbò ti tú u wò kẹ́ ẹ tó gbé e dé, olùtajà ti rí àwáwí. Bátìrì tó ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ náà kì í ṣe àbùkù, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Apple, bí àpẹẹrẹ, sọ pé òun ṣe bátìrì iPad kó ṣì lè gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣáájì rẹ̀ kún nígbà 1,000. Táblẹ́ẹ̀tì tó kàn dédé kú fin-ín láìsí ìdí, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀.

Ìwé la fi ń pàdánù

Kí òfin tó já wa kulẹ̀, ìwé ló máa ń kọ́kọ́ já wa kulẹ̀. Ẹ wo ọ̀pọ̀ rìsíìtì: "Tablet 1", iye owó, ó parí. Serial number ò sí níbẹ̀. Bóyá tuntun ni, bóyá tọ́kùnbọ̀ ni, wọn ò kọ ọ́. Báwo lẹ ṣe máa fi ìyẹn dúró níwájú ẹnikẹ́ni pé táblẹ́ẹ̀tì yìí gan-an lẹ rà lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀bù yìí gan-an?

Òfin kan náà ní kí olùtajà fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tó rà. Ó tún ní tí ọjà bá jẹ́ àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe, kí wọ́n jẹ́ kó hàn gbangba. Ẹni tó ta tọ́kùnbọ̀ fún yín lórúkọ tuntun ti rú òfin lọ́jọ́ tó tà á, kódà bí kò tíì bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í sì í ṣe kékeré. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù, láti orí tẹlifíṣọ̀n dé orí kọ̀ǹpútà, ló ń gbabẹ̀ wọlé lọ́dún kan. Ó kéré tán, 15,700 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ kó tó gúnlẹ̀.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń rà á, ẹ ní kí wọ́n kọ serial number, ọjọ́, orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti bóyá tuntun ni tàbí àlòkù. Ẹ ya rìsíìtì náà ní fọ́tò, torí yíǹkì rìsíìtì míì kì í pẹ́ ṣí.

Ṣé ó kú lóòótọ́?

Kẹ́ ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é. Bátìrì tó gbẹ tán pátápátá lè gba nǹkan bíi wákàtí kan lórí iná kó tó fi àmì kankan hàn. Ẹ pààrọ̀ okùn àti ṣájà, ẹ má lo ṣájà ojú títì tẹ́ ẹ rà láàárín gosiló. Ẹ wo ihò ṣájà dáadáa, eruku àti òwú àpò máa ń kún ibẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Android, ẹ di bọ́tìnnì agbára àti ti ìró mú pa pọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ogún.

Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ìró àmọ́ tí ojú ẹ̀ ṣókùnkùn, ojú ló kú, táblẹ́ẹ̀tì ò kú. Tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá wú, ẹ má ṣáájì ẹ̀ mọ́, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ padà: bátìrì ló ń wú, ó lè gbiná.

Àtúnṣe ni àbí òmíràn?

Ibi tí wọ́n ti fọwọ́ sí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Carlcare ló ń tún Tecno, Infinix àti itel ṣe. Samsung ní ilé àtúnṣe tiẹ̀. Apple ò ní ṣọ́ọ̀bù tara ẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn ilé iṣẹ́ tó fọwọ́ sí ló ń bá a ṣe é. Kódà tí wáràńtì bá ti parí, ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tó bàjẹ́ sórí ìwé fún yín. Ìwé yẹn ni ẹ̀rí yín.

Tó bá jẹ́ Computer Village, ní Ọtígbà, Ìkẹjà, lẹ gbé e lọ, ẹ bi enjiníà ní ìbéèrè mẹ́rin kó tó fọwọ́ kan ìdè kankan. Kí ló bàjẹ́ gan-an? Ẹ̀yà tó máa fi sí i, ojúlówó ni àbí fèrò? Ṣé á dá èyí tó bàjẹ́ padà fún yín? Tó bá tún kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ńkọ́? Ẹni tó mọ iṣẹ́ ò ní bínú sí yín. Ẹni tó bá ní "ẹ fi í sílẹ̀, ẹ padà wá lọ́la" láìdáhùn, ẹ gbé táblẹ́ẹ̀tì yín kẹ́ ẹ máa lọ.

Ní ti owó, ìwọ̀n tí mo fẹ́ràn rèé: tí àtúnṣe bá ti kọjá ìdajì owó tí irú táblẹ́ẹ̀tì náà ń lọ lọ́jà lónìí, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Iye ọjà lónìí ni mo wí o, kì í ṣe iye tẹ́ ẹ fi rà á. Ihò ṣájà àti bátìrì sábà máa ń yẹ ní títúnṣe. Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀dù inú ló jóná, ẹ máa kíyè sára. Tí ilé iṣẹ́ bá sì ti pẹ́ tó ti fi àtúnṣe ààbò ránṣẹ́ sí i kẹ́yìn, owó ńlá ò yẹ ẹ́ mọ́.

Tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ní London ló rà á

Èyí ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Lábẹ́ òfin Consumer Rights Act 2015, ẹni tó ra ọjà ní ṣọ́ọ̀bù ní England lè bá olùtajà náà ṣẹjọ́ títí di ọdún mẹ́fà, bí ọjà ò bá lálòpẹ́ tó bó ṣe yẹ. Tó bá ti lé lóṣù mẹ́fà tó rà á, òun ló máa fi ẹ̀rí hàn pé àbùkù náà ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó sanwó ló ní ẹjọ́ náà. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fún enjiníà láyè láti tú u, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín, kí wọ́n wá rìsíìtì wọn.

Tí olùtajà bá kọ̀ jálẹ̀

Ẹ kọ lẹ́tà tàbí ímeèlì, ẹ má fi ẹnu nìkan sọ ọ́. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́: àtúnṣe, òmíràn, tàbí owó yín. Tí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ FCCPC. Ẹni tó wà ní Èkó tún lè lọ sọ́dọ̀ LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń gbèjà oníbàárà. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ẹjọ́ gbèsè kékeré wà ní Èkó láti 2018, Small Claims Court, fún owó tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ. Ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n ní kí ẹjọ́ ibẹ̀ fi parí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìjọba náà ní tiẹ̀ láti ṣe. Láti 20 oṣù kẹfà ọdún 2025, ìlànà European Union ti sọ ọ́ di dandan fún ilé iṣẹ́ tó ń ta fóònù àti táblẹ́ẹ̀tì tuntun níbẹ̀ pé kí ẹ̀yà àtúnṣe rẹ̀ wà lọ́jà fún ọdún méje lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ títà á. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá kan tó ń pa òfin yẹn mọ́ níbẹ̀ ń ta ọjà níbí náà. Kí ló dé tí a ò lè béèrè ohun kan náà? Àwọn enjiníà wa ní ọwọ́ iṣẹ́, ẹ̀yà tó jẹ́ ojúlówó ni wọn ò rí. Òfin tiwa sọ pé kí ọjà lálòpẹ́. Láìsí ẹ̀yà àtúnṣe tówó àwa náà ká, orí bébà lásán ni àlòpẹ́ yẹn máa wà.