Ìyá Tó Ń Gbààwẹ̀ Nítorí Ọmọ, Oògùn Yín Ńkọ́?

Àwọn kan á ní kí ló kan ojú ìwé ìlera nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ óò rí i.

Gààrí ni mo lọ rà lọ́dọ̀ màmá kan ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, ọ̀bẹ sì bọ́ lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Màmá, ṣé ara le?" Wọ́n ní ààwẹ̀ ni. Ọjọ́ mọ́kànlélógún, láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́, kò sí omi, kò sí oúnjẹ, ọjọ́ kẹtàlá sì nìyẹn. Mo bi wọ́n léèrè oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò láràárọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ṣé èèyàn á máa gbààwẹ̀, á tún máa gbé oògùn mì ni? Ṣebí ààwẹ̀ ti já nìyẹn."

Nítorí àkọ́bí wọn ni. Kátíkíìsì ni bàbá ọmọ náà títí tí wọ́n fi kú. Ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́ n'Ìbàdàn, ó ti níyàwó, kì í jalè, owó oṣù tó bá gbà, ìyá rẹ̀ ń rí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sọ fún wọn lójú ara wọn pé òun ò ṣe ìgbàgbọ́ mọ́. Kò di Mùsùlùmí, kò lọ sídìí Ifá. Ó kàn ní òun ò rí ohun tóun lè gbà gbọ́. Màmá ní láti ọjọ́ náà, oorun ò kun àwọn mọ́, ìbéèrè kan náà ni àwọn ń bi ara àwọn lóru: kí ni mo ṣe tí kò dáa?

Irú ìyá báyìí pọ̀ ní Lálúpọn, wọ́n pọ̀ ní Ẹ̀rúnmú àti Akáńrán. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé ẹkún yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ Ìbàdàn. Lọ́dún 1853 ni David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ wá ń gbé Ìbàdàn, ní Kúdẹtì, láti wàásù. Nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé wọn, àwọn òbí tó ń sin òrìṣà ló sunkún nígbà náà. Wọ́n na àwọn ọmọ kan, wọ́n ti àwọn mìíràn mọ́lé, wọ́n ní wọ́n fẹ́ ta ilé baba wọn nù. Ẹgba ò dá wọn padà. Lára àwa tí à ń sunkún ọmọ lónìí, àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n nà nígbà yẹn wà níbẹ̀.

Ẹ tún wo Wọlé Ṣóyínká. Wọ́n bí i lọ́dún 1934, inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì Aké l'Abẹ́òkúta ló dàgbà sí, bàbá rẹ̀ sì ni ọ̀gá ilé ìwé St. Peter's níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ nítara ìgbàgbọ́ débi pé ìtara náà lọmọ fi sọ wọ́n lórúkọ nínú ìwé Aké tó jáde lọ́dún 1981, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìbàdàn, túmọ̀ sí Yorùbá. Ṣóyínká ò dúró nínú ìgbàgbọ́ ìyá rẹ̀, kò sì fi bò. Ògún ló máa ń dárúkọ. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé náà, ẹ wo bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yàrá ìyá rẹ̀ tí àwọn ọmọ ń sùn kún lórí ẹní. Ó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá rẹ̀, kò kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ìtàn Monica tí wọ́n máa ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, apá kan ni wọ́n sábà máa ń sọ. Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni, apá ibi tí à ń pè ní Algeria lónìí. Augustine ọmọ rẹ̀ bá ẹgbẹ́ ẹ̀sìn mìíràn lọ, ìyá sì bínú débi pé kò jẹ́ kó bá òun jẹun pọ̀ nínú ilé mọ́. Àlá kan ló lá tó fi gbà á padà sídìí oúnjẹ. Ó bẹ bíṣọ́ọ̀bù kan pé kó lọ bá ọmọ náà jiyàn, bíṣọ́ọ̀bù kọ̀, ó ní kó fi ọmọ sílẹ̀, kó máa gbàdúrà. Lọ́dún 383, ọmọ fẹ́ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Róòmù, ìyá dì í mú, ó ní kò gbọdọ̀ lọ. Ọmọ parọ́ fún un pé ọ̀rẹ́ lòun fẹ́ sìn, ìyá sùn sínú ilé àdúrà mọ́jú, ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ti lọ. Ìrìn àjò tó gbàdúrà lòdì sí yẹn ló gbé ọmọ dé Milan, níbi tó ti ṣèrìbọmi ní Àjíǹde ọdún 387. Ọdún náà ni ìyá kú. Mi ò sọ pé gbogbo òbí ló máa rí i báyẹn o. Wòlíì Sámúẹ́lì fúnra rẹ̀, Bíbélì sọ pé àwọn ọmọ rẹ̀ ò rìn lọ́nà rẹ̀.

Ó yá, oògùn wá ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun èèyàn, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi rò pé ó ti lọ. Tẹ́ ẹ bá pa oògùn tì, ó lè ga lójijì, rọpárọsẹ̀ sì lè dé. Oògùn tó ń mú ni tọ̀ léwu gan-an fẹ́ni tí kò mumi nínú oòrùn: ara á gbẹ, òòyì á kọ́ni, èèyàn á sì ṣubú. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, tó ń gba abẹ́rẹ́ tàbí tó ń lo oògùn rẹ̀ láìjẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí òógùn tútù, tí ọwọ́ ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ ń wọ́, ẹ fún un ní omi ṣúgà lójú ẹsẹ̀ bó bá lè gbé e mì, kí ààwẹ̀ já. Bí kò bá lè gbé nǹkan mì, ẹ má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ kankan, ẹ lọ bi nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Àwọn oògùn kan wà tí wọ́n lè sún sí alẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin lẹ óò sún un fúnra yín. Ṣé Ọlọ́run tó mọ̀ pé ara yín ò yá ló máa bínú sí bébà oògùn?

Owó náà ńkọ́? Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ ta kòkó tàbí ilẹ̀ kóun tó gbàdúrà fọ́mọ yín, ẹ sá fún un. Ẹ má sì bá wòlíì dìtẹ̀ lọ ká ọmọ mọ́lé níṣojú ìyàwó rẹ̀. Ọ̀kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ l'Ẹ́gbẹ̀dá, ọdún kejì rèé tí kò tíì rí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹ pè é lórí fóònù nígbà míì láti bi í bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń ṣe nílé ìwé, kẹ́ ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀. Àmọ́ o, bó bá jẹ́ pé kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni kò wù ú mọ́, tí kì í jẹun, tí kì í sùn, tó ń sọ̀rọ̀ ikú, àìsàn lè wà níbẹ̀. Ẹ jọ lọ rí dókítà kíákíá.

Lọ́jọ́ gààrí yẹn, mo bẹ màmá títí tí a fi jọ lọ sílé ìwòsàn alábọ́dé. 180 lórí 110 ni wọ́n bá níbẹ̀. Mo tún padà lọ lóṣù tó kọjá. Oògùn ti di lílò padà. Wọ́n ṣì ń gbàdúrà láago márùn-ún ìdájí, orúkọ ọmọ náà ló sì máa ń ṣíwájú. Ọmọ ń wá lọ́sẹ̀ méjì méjì. Bó bá bọ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, ọ̀kadà rẹ̀ ló fi ń gbé ìyá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níta títí ìsìn á fi parí.

"Kò tíì wọlé o," ni màmá sọ, wọ́n sì ní kí n bá àwọn sún agbọ̀n ẹ̀gẹ́ náà mọ́ ọ̀dọ̀ àwọn.