Bọ́ọ̀sì Leyland àti Àwa Ará Èkó

Nígbà tí àwọn bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ sí gba Fádéyí lọ sí Èkó ní oṣù kẹta ọdún 1908 + 100, èyíinì ni 2008, inú wa dùn. Ashok Leyland ti ilẹ̀ Íńdíà ni ó ṣe púpọ̀ nínú wọn. Ní ti Leyland ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó bí i, iṣẹ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti kú: Volvo rà á ní 1988, wọ́n sì ti ilé-iṣẹ́ bọ́ọ̀sì rẹ̀ pa ní 1993.

Ohun tí ó dùn wá nìyí. Ní 1955 ni Leyland dara pọ̀ mọ́ àwọn ará Madras. Láàrin ọdún 1970 sí 1980 ni ó dé Ìbàdàn. Olùkọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ méjì. Ẹ̀yin tíṣà mọ ohun tí a ń wí. Àwọn ará Íńdíà kọ́ bí a ti ń ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀ fúnra wọn. Àwa ń to èyí tí a kó wá nínú àpótí, títí owó ilẹ̀ òkèèrè fi wọ́n, tí àpótí kò sì dé mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wa kò rọ: àwọn jórinjórin wa ni ó kan ara mọ́lúè lé egungun ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 911. Ó léwu, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó pè wọ́n láti kọ́ wọn sí i?

Bí ẹgbẹ́ wa tilẹ̀ ni ó ń ṣe ìjọba, a kì yóò dákẹ́. Kí ìjọba Èkó tó tún ra bọ́ọ̀sì mìíràn ní òkèèrè, kí ó sọ iye ọmọ Mushin tí àdéhùn náà yóò kọ́ níṣẹ́ ẹ̀rọ.