Ẹ MÁ ṢE TI ÌLẸ̀KÙN ÀTÚNṢE MỌ́ ÀGBẸ̀

Àwọn kan ń wí kiri pé ẹni tí ó bá ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ẹjọ́, kí ilé-ẹjọ́ dè é mọ́ ọn títí dé òpin. Wọ́n ní bí ó bá tọrọ àyè láti tún un ṣe, irọ́ ni ó fẹ́ pa, tàbí ó fẹ́ fi ẹjọ́ falẹ̀. Àwa kò gbà. A fẹ́ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, àti pàápàá fún ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ní ẹjọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́, nítorí orí yín ni igi tí wọ́n ń gé yìí yóò wó lé.

Ní kóòtù ìbílẹ̀, ẹnu ni a fi ń ro ẹjọ́. Bí àgbà kan bá ṣì í sọ, yóò ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n tún un sọ," wọn yóò sì gbọ́ ọ. Ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga, kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ọdún 1876 ti fi ẹsẹ̀ ìlànà ilé-ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì múlẹ̀ ní Èkó, ìwé ti di olórí ẹjọ́. Olùpẹ̀jọ́ yóò kọ ohun tí ó ń bèèrè àti ìdí rẹ̀. Olùjẹ́jọ́ yóò kọ ìdáhùn tirẹ̀. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé náà, bí ọgọ́rùn-ún ẹlẹ́rìí tilẹ̀ jẹ́rìí sí i, adájọ́ kì yóò kà á sí. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jùlọ ní ilẹ̀ wa tẹnu mọ́ èyí ní ọdún 1963, nínú ẹjọ́ George àti ilé-iṣẹ́ Dominion Flour Mills.

Èdè wo ni a sì fi ń kọ ìwé yìí? Gẹ̀ẹ́sì ni! Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí a ti gba òmìnira ní 1960, síbẹ̀ baba tí ó mọ gbogbo ààlà oko kòkó rẹ̀, láti ìdí pèrègún dé etí odò, kò lè ka ìwé tí a kọ ní orúkọ rẹ̀. Ó bá akọ̀wé lọ́yà sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti yé e. Lọ́yà kọ ọ́ bí ó ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ wo iye ibi tí ọ̀rọ̀ lè gbé sọnù lójú ọ̀nà!

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan wá. Ká ní baba kan pe ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ lẹ́jọ́. Ó sọ fún lọ́yà pé baba ẹni náà a máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún ìdílé òun lọ́dọọdún. Òpó ẹjọ́ náà nìyí, nítorí kò sí ẹni tí í san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́yà gbàgbé, kò kọ ọ́. Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ dé, ẹlẹ́rìí ya ẹnu láti sọ ti ìṣákọ́lẹ̀, lọ́yà kejì fò dìde pé kò sí nínú ìwé. Bí a kò bá gba baba yìí láyè láti tún ìwé rẹ̀ ṣe, ilẹ̀ lọ. Ṣé nítorí pé kò ní òtítọ́ lọ́wọ́ ni? Rárá o! Nítorí ìgbàgbé ẹni tí ó gba owó rẹ̀ ni.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a gba ìlànà yìí lọ́wọ́ wọn pàápàá kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1883, Adájọ́ Brett là á mọ́lẹ̀ pé bí ó ti wù kí àìbìkítà ẹni tí ó kọ ìwé pọ̀ tó, kí a gba àtúnṣe láyè, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ṣe ẹnì kejì ní ibi tí owó gbà-má-bínú kò lè tán. Ní 1884, Adájọ́ Bowen ní iṣẹ́ ilé-ẹjọ́ ni láti mọ ẹni tí ó ni ẹ̀tọ́, kì í ṣe láti fìyà jẹ ènìyàn nítorí àṣìṣe rẹ̀ nínú bí ó ti ro ẹjọ́. Àwọn adájọ́ ilẹ̀ wa ti tọ ipa kan náà.

Ti irọ́ tí wọ́n ń wí ńkọ́? Ẹni tí a tún ìwé ṣe sí ní ẹ̀tọ́ láti tún ìdáhùn tirẹ̀ náà ṣe, kí ó sì fi ìbéèrè wádìí ẹlẹ́rìí ní gbangba. Bí ìdí ẹjọ́ kò bá sì sí ní ọjọ́ tí a pe ẹjọ́, àtúnṣe kò lè dá a. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe bá a bí a bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn?

A kò wí pé kí ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn ọlọ́rọ̀ kan wà tí wọ́n ń tún ìwé ṣe lónìí, tí wọ́n tún ń tún un ṣe lọ́la, kí owó ọkọ̀ lè tán lọ́wọ́ àgbẹ̀, kí ẹlẹ́rìí rẹ̀ tí ó ti darúgbó sì kú. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ba orúkọ àtúnṣe jẹ́. Òfin ìgbẹ́jọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Èkó ti ọdún 2004 fi iye sí i: nígbà tí ìgbẹ́jọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, àtúnṣe kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Àwa ní iye nìkan kò tó. Ọ̀dàlẹ̀ lè fi ẹ̀ẹ̀kan péré ba ẹjọ́ jẹ́. Olóòótọ́ lè nílò ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìdí ni kí adájọ́ máa wò.

Ohun tí a ń bèèrè nìyí. Èkíní, bí àṣìṣe bá jẹ́ ti lọ́yà, àpò lọ́yà ni kí owó gbà-má-bínú ti jáde, kí ó má ṣe ti inú kòkó àgbẹ̀ wá. Èkejì, ẹni tí ó bá fi àtúnṣe fa ẹjọ́ sẹ́yìn, kí ó san owó náà kí ó tó tún sọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Ẹ̀kẹta, kí a ka gbogbo ìwé ẹjọ́ fún olóhun ní èdè rẹ̀ kí ó tó lọ sí kóòtù.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kò kọjá agbára wa. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 sọ pé Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ ni í ṣe ìlànà ilé-ẹjọ́ gíga, lábẹ́ òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá ṣe. Ẹ béèrè lọ́wọ́ aṣòfin yín ohun tí ó ti ṣe sí i. Kí ọjọ́ náà tó dé, ẹ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ yín fún lọ́yà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má fi ọ̀kan pamọ́. Ẹ ní kí ó kà á fún yín ní Yorùbá. Ẹ sì gba ẹ̀dà kan lọ sílé, kí ọmọ yín tí ó mọ̀wé tún un yẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ tọrọ àtúnṣe ní kíá, kí ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ tó ya ẹnu.