Ẹ yéé fi ojú ra táìlì

1/ Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, àtẹ̀yin tí ẹ ń bá àwọn òbí yín tún ilé ṣe, ẹ gbọ́ ná. Bí táìlì ṣe ń dán ní ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló máa sọ bó ṣe máa pẹ́ tó nílé yín.

2/ Abẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Wọ́n da yẹ̀pẹ̀ kún ìpìlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò bomi rin ín, wọn ò gún un ní ipele-ipele. Wọ́n wá da jámánì fúlọ́ọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e. Yẹ̀pẹ̀ rì, kọ́nkéré là, ẹ ní táìlì ò dáa. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ṣebí ìrì ló máa wó o?

3/ Bíríkìlà míì á kàn bu sìmẹ́ńtì pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ sí igun mẹ́rin àti àárín, á gbé táìlì lé e, ó parí. Òfìfo ló kù lábẹ́. Ọjọ́ tí odó bá já lé e, ó fọ́ nìyẹn. Ẹ fi kọ́ìnì kàn án kẹ́ ẹ tó san owó tó kù. Èyí tó bá dún bí agolo, kó tún un tẹ́.

4/ Báfùróòmù àti ìta ńkọ́? Táìlì dídán, omi, ọṣẹ: ẹ ti dẹ pàkúté fún màmá yín nìyẹn. Egungun ìbàdí tó bá kán lẹ́ni àádọ́rin ọdún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹ ra èyí tójú ẹ̀ rí ṣákaṣàka. Bí R bá wà lára páálí, R9 ló ń yọ̀ jù, R13 ló ń di ẹsẹ̀ mú jù.

5/ Ẹ sì ń fi terrazzo ṣe yẹ̀yẹ́ pé ti ayé bàbá yín ni. Sìmẹ́ńtì àti òkúta mábù wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ lọ̀ ni. Ẹ lọ wo àwọn ilé-ìwé àtijọ́: ìran ọmọ mélòó ló ti sá eré lórí ẹ̀? Tó bá ṣá, wọ́n á tún un lọ̀. Táìlì yín tó bá fọ́, tí ilé iṣẹ́ ò ṣe irú ẹ̀ mọ́, níbo lẹ máa rí ẹnìkejì ẹ̀?

6/ "Owó ò sí." Torí owó gan-an ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀! Ẹ ṣe abẹ́ ilẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ fi sìmẹ́ńtì dán ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbé ibẹ̀. Táìlì á dé bówó bá dé. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa hú táìlì torí kó lè tún jámánì fúlọ́ọ̀ dà láìsunkún owó.

7/ Àlejò tó bá ní ilẹ̀ yín ò dán, ẹ ní kó jókòó kó jẹun jàre.