TA NI ẸRÙ ẸLẸ́WỌ̀N TỌ́ SÍ?

Bí adájọ́ bá ti rán ọ̀daràn lọ sí ẹ̀wọ̀n, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí. Ìjọba wo ni yóò pèsè ibùsùn, oúnjẹ àti dókítà fún un? Ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà ní Amẹ́ríkà ti rí ohun tí ìbéèrè yìí lè dá sílẹ̀.

Nǹkan bí 80,000 ènìyàn ni a kọ́ àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ náà fún, ṣùgbọ́n fún ọdún 11, ó kéré tán, iye àwọn tí ó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì. Gbọ̀ngàn eré ìdárayá di iyàrá ibùsùn; àwọn aláìsàn ń kú ikú tí ìtọ́jú ìbá dènà. Ní ọjọ́ 23, oṣù Karùn-ún, ọdún 2011, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà fi ọwọ́ sí àṣẹ pé níbi tí a kọ́ fún ènìyàn 100, wọn kò gbọdọ̀ ju 137.5 lọ.

Láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹwàá, ọdún náà, òfin AB 109 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, tí kò ní ìwà ipá nínú, tí kò sì jẹ mọ́ ìbálòpọ̀, kò ní lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ mọ́. Ilé ẹ̀wọ̀n ìbílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ti káúńtì, ni yóò wà. Káúńtì 58 ni ó gba ẹrù yìí.

Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, agbẹjọ́rò ìjọba àti adájọ́ káúńtì ni wọ́n ń pinnu ẹni tí yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n, ìpínlẹ̀ ni ó sì ń san owó rẹ̀. Ẹni tí kò sanwó oúnjẹ kì í ṣọ́ra bí ó bá ń bù ú.

Ṣùgbọ́n ewu náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ń dúró de ìdájọ́ àti ẹni tí kò ní lò ju ọdún kan lọ ni a kọ́ ilé ẹ̀wọ̀n káúńtì fún. Òfin tuntun wá kó ẹni tí yóò lo ọ̀pọ̀ ọdún wọ ibẹ̀. Kíkó èrò kúrò nínú iyàrá tí ó kún lọ sí òmíràn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kì í ṣe àtúnṣe. Ní ọdún 2012, àwọn olùdìbò fi owó káúńtì sínú òfin ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀ náà. Lẹ́yìn tí wọ́n tún dín ìjìyà àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké kù ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2014, ni iye ẹlẹ́wọ̀n ìpínlẹ̀ tó wálẹ̀ dé ibi tí ilé-ẹjọ́ pa láṣẹ, ní ọdún 2015.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2023, àtúnṣe òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà mú ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n kúrò ní ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Àwọn ìpínlẹ̀ náà lè dá tiwọn sílẹ̀ báyìí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ó dára kí a pín iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá pín ẹrù, kí a pín owó, dókítà àti olùbẹ̀wò pẹ̀lú rẹ̀. Kí a sì kọ́kọ́ yanjú ẹjọ́ àwọn tí ń dúró de ìdájọ́, nítorí àwọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa. Amáànà ni ẹni tí a tì mọ́lé jẹ́ ní ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba tí kò bá lè tọ́jú rẹ̀ kò gbọdọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ náà.