Ọmọ Àjàṣẹ́ tó kúrò níwájú kámẹ́rà bọ́ sẹ́yìn rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló mọ James Dean lójú, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lórúkọ. Àwòrán ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà náà ṣì ń yí ayé ká lára ẹ̀wù àti lára ògiri títí di òní. Bẹ́ẹ̀ sì ni, fíìmù mẹ́ta péré ni ó ti ṣe ipa pàtàkì. Nígbà tí ìjàm̀bá ọkọ̀ pa á ní California, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1955, ọmọ ọdún 24 ni, ọ̀kan ṣoṣo nínú fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n sì tíì gbé jáde fún aráyé wò. Iṣẹ́ rẹ̀ kúrú, òkìkí rẹ̀ gùn.

Ní ọdún 1955 yẹn kan náà, ọmọ bíbí Àjàṣẹ́ kan wà ní Paris, ó ti pé ẹni ọgbọ̀n ọdún. Àkókò tí òun lò níwájú kámẹ́rà kúrú ju ti James Dean lọ fíìfíì. Kò sí ẹni tó ya ojú rẹ̀ sára ẹ̀wù. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ ìtàn sinimá ilẹ̀ adúláwọ̀, a kò lè fo orúkọ rẹ̀ dá. Paulin Soumanou Vieyra ni a ń wí.

Ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 1925 ni wọ́n bí i ní Àjàṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ rẹ̀ dáadáa. Paulin jẹ́ orúkọ àwọn onígbàgbọ́, Soumanou jẹ́ orúkọ àwọn mùsùlùmí, Vieyra sì jẹ́ orúkọ Àgùdà, irú èyí tí àwọn tó ti Brazil padà wálé mú bọ̀. Ẹni tó bá mọ ìlú wa yóò mọ̀ pé orúkọ mẹ́ta yìí kò bá ara wọn jà. Bí ilé wa ti rí nìyẹn. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n rán an lọ sí ilẹ̀ Faransé láti kàwé, ibẹ̀ ni ó sì dàgbà sí.

Ní ọdún 1947, Claude Autant-Lara gbé fíìmù kan jáde tí ń jẹ́ Le Diable au corps. Gérard Philipe, tí òkìkí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàn nígbà náà, ni olórí òṣèré ọkùnrin inú rẹ̀. Vieyra wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ipò tí Faransé ń pè ní figurant ni tirẹ̀. Figurant a máa kọjá, a máa dúró, a máa jókòó níbi tí wọ́n bá ní kí ó jókòó sí. A kì í bi í ní ọ̀rọ̀, a kì í sì í retí pé kí ó dáhùn. Bí òǹwòran bá ṣẹ́jú, ó lè má rí i mọ́. Ìwọ̀nba ohun tí sinimá Faransé ní láti fi fún ọ̀dọ́mọkùnrin Àjàṣẹ́ nígbà náà nìyẹn.

Ẹnìkan lè sọ pé bóyá kò ní ẹ̀bùn ni, pé ìbá tẹ̀síwájú ká ní ó ní in. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni tó tẹ̀síwájú. Orlando Martins, tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1899, tí òun náà ń jẹ́ orúkọ Àgùdà, di òṣèré tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1949, ó kópa nínú The Hasty Heart, fíìmù tí wọ́n ṣe ní England. Ìtàn náà dá lórí àwọn ọmọ ogun tó fara pa, tí wọ́n wà ní ilé ìwòsàn kan ní Burma. Ronald Reagan, tó di Ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, wà lára wọn, Richard Todd náà sì wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń bínú. Kí ni wọ́n fún Orlando Martins ṣe? Wọ́n fi í ṣe ọmọ ogun adúláwọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Blossom, tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ti gbé London fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì geerege, ni wọ́n sọ di ẹni tí kò gbédè. A kò fi èyí bu òṣèré náà kù. Ó ṣe ipa rẹ̀ tọkàntọkàn, àwọn òǹwòran sì fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ṣí fún adúláwọ̀ níwájú kámẹ́rà tóóró gan-an, ẹni tí kò bá tẹrí ba kò lè gba ibẹ̀ kọjá.

Àwọn bàbá wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Vieyra wá ọ̀nà mìíràn. Ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ sinimá tí ń jẹ́ IDHEC ní Paris, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1943. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni bí a ti ń kọ ìtàn fíìmù, bí a ti ń darí òṣèré, bí a ti ń ya àwòrán, àti bí a ti ń gé e tí a sì ń so ó pọ̀. Òun ni ọmọ ilẹ̀ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń sọ ibi tí yóò jókòó sí fún tẹ́lẹ̀ ti wá mọ bí a ti ń sọ ọ́ fún ẹlòmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nìkan kò tó. Láti ọdún 1934 ni òfin kan ti wà, tí wọ́n ń pè ní décret Laval, tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya fíìmù ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé láìgba àṣẹ ìjọba. Vieyra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ wá ya fíìmù nílé, wọn kò rí àṣẹ gbà. Ẹ gbà á rò: ọmọ Àjàṣẹ́ kò lè fi kámẹ́rà ya Àjàṣẹ́.

Wọn kò torí ìyẹn ká apá gbera. Òun àti Mamadou Sarr, Jacques Mélo Kane àti Robert Caristan yí kámẹ́rà sí ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà. Bí a ṣe bí Afrique-sur-Seine nìyẹn ní ọdún 1955, fíìmù oníṣẹ́jú 21, tí ìgbìmọ̀ fíìmù tó wà ní Musée de l'Homme ràn lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ ni a rí nínú rẹ̀ ní àdúgbò Quartier Latin: wọ́n ń rìn ní òpópónà, wọ́n jókòó ní ilé kọfí, wọ́n ń fẹ́ra, wọ́n ń ronú ilé. Títí di ìgbà náà, àwọn òyìnbó ló ń gbé kámẹ́rà wá sí Áfíríkà láti wò wá. Nínú fíìmù yìí, ọmọ Áfíríkà ló di kámẹ́rà mú tó ń wo Paris, ohùn tó sì ń sọ ìtàn náà ń sọ ọ́ láti inú wa wá. Títí di òní, a kà á sí ọ̀kan lára àwọn ìpìlẹ̀ sinimá ilẹ̀ adúláwọ̀.

Lẹ́yìn náà, Vieyra lọ sí Dakar, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ya Une nation est née ní ọdún 1961 lórí òmìnira Senegal, ó ya Lamb ní ọdún 1963 lórí ìjàkadì àwọn ará ibẹ̀, ó sì ṣe Môl, ìtàn ọ̀dọ́ apẹja kan tó fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì sí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Ó ran Sembène Ousmane lọ́wọ́ láti gbé àwọn fíìmù rẹ̀ jáde, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀. Ìwé rẹ̀ Le Cinéma et l'Afrique jáde ní ọdún 1969. Ìwé ńlá tó kọ lórí sinimá Áfíríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 1973 jáde ní ọdún 1975. Ó kú ní Paris ní ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá ọdún 1987. Ní FESPACO, àjọ̀dún sinimá tó ń wáyé ní Ouagadougou, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ẹ̀bùn tí àwọn alárìíwísí ilẹ̀ Áfíríkà ń fún fíìmù tó bá wù wọ́n jù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ̀yin ni a tìtorí yín sọ ìtàn yìí. A mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín fẹ́ kí ayé rí ojú yín, kò sì burú. Òṣèré rere jẹ́ ohun ìyangàn fún ìlú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè yín síwájú kámẹ́rà, ẹ bèèrè ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí ẹ sọ, àti ẹni tí yóò pinnu èyí tí wọn yóò gé sọnù. Ẹni tó ń pinnu ìyẹn ló ni ìtàn. Òfin ọdún 1934 kò sí mọ́. Kámẹ́rà wà nínú tẹlifóònù tí ẹ mú dání. Èyí tó kù ni ẹ̀kọ́ àti sùúrù: kí á mọ bí a ti ń kọ ìtàn, bí a ti ń gbọ́ ohùn ketekete, bí a ti ń gé àwòrán. Nǹkan wọ̀nyí ni Vieyra lọ kọ́ nígbà tó rí i pé ìjókòó tí wọ́n fún un kò tó o.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin alábòójútó ilé àṣà ìlú wa, a bẹ̀ yín: ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ wo Afrique-sur-Seine. Ìṣẹ́jú 21 kò tó àkókò iṣẹ́ kan ní ilé-ìwé. Kí wọ́n wò ó tán, kí ẹ wá bi wọ́n pé, bí wọ́n bá gbé kámẹ́rà lé wọn lọ́wọ́ ní ọ̀la, kí ni wọn yóò kọ́kọ́ yà ní àdúgbò wọn?