Epo Inú Òkun àti Iná Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa nígbà gbogbo tí a bá pé jọ, a sì rò pé ó tó àkókò kí ìwé ìròyìn ẹ̀ka wa sọ èrò tirẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbàkígbà tí a bá gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga epo tuntun sí àárín òkun, apá kan nínú wa a máa yọ̀ pé ìyà iná mànàmáná àti ọ̀wọ́n epo ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dópin. Apá kejì a sì máa sọ pé a ti gbọ́ irú rẹ̀ rí. Àwọn wo ni ó jàre?

Ní tiwa, a fara mọ́ apá kejì. Epo inú òkun lè mú owó wọ àpò ìjọba, àwa kò sì kẹ́gàn owó. Ṣùgbọ́n owó yàtọ̀ sí iná. Ọ̀nà jíjìn ni ó wà láàárín kànga epo àti gílóòbù tí ń tàn nínú yàrá, ọ̀nà náà gan-an ni ó sì bàjẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Bí a kò bá tún un ṣe, bí a tilẹ̀ gbẹ́ 100 kànga sí i, inú òkùnkùn náà ni a ó wà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn. Ọdún 1956 ni wọ́n rí epo ní Oloibiri. Ní ọdún 1963, wọ́n rí i nínú òkun lẹ́bàá Delta, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Okan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ inú ibú lọ: Bonga bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè epo ní ọdún 2005, Agbami ní ọdún 2008, Egina ní ìparí ọdún 2018. Ó ti lé ní 60 ọdún tí a ti mọ̀ pé epo wà nínú òkun wa. Bí ó bá jẹ́ pé rírí epo nínú òkun ni ó ń tan iná, iná ìbá ti tàn kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí.

Ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ náà ti ń lọ, kí ìdí rẹ̀ lè yé wa. Bonga jìnnà tó 120 kìlómítà sí èbúté, omi ibẹ̀ sì jìn ju 1,000 mítà lọ. Ọkọ̀ ńlá kan ni wọ́n dè mọ́ ojú kan lórí omi. Páìpù ń fa epo láti ìsàlẹ̀ òkun wá sínú ọkọ̀ náà; ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya omi àti gáàsì kúrò lára epo, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ó bá kún, ọkọ̀ mìíràn a wá gbé e, ó di òkè òkun. Epo náà lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó rà á láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Nàìjíríà. Ohun tí ó kù fún wa ni ìpín owó tí ìjọba bá gbà, ìpín náà pàápàá kò sì rí bí ó ti yẹ nígbà gbogbo. Òfin ọdún 1999 lórí epo inú ibú sọ pé kí wọ́n tún ìpín ìjọba yẹ̀ wò bí iye owó àgbá epo kan bá ti ju 20 dọ́là lọ. Iye náà kọjá bẹ́ẹ̀ láìpẹ́, ṣùgbọ́n ọdún 2019 ni wọ́n tó tún òfin náà ṣe.

Nípa ti epo ọkọ̀, wọ́n kọ́ ilé ìfọpo sí Port Harcourt ní ọdún 1965, sí Warri ní 1978, sí Kàdúná ní 1980, wọ́n sì tún kọ́ òmíràn sí Port Harcourt ní 1989. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí wọ́n dà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, orílẹ̀-èdè tí ń ta epo rọ̀bì fún aráyé ni ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú bẹntiróòlù rẹ̀ láti òkèèrè. Nígbà tí wọ́n kéde òpin owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà kan tí a ń rà ní nǹkan bíi ₦200 ní Abuja fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ju ₦1,000 lọ. Ní ọdún 2024 yìí kan náà ni ilé ìfọpo Dangote ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ 650,000 àgbá lójúmọ́, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú wa dùn, nítorí ilẹ̀ wa ni ó wà. Síbẹ̀, láti Amẹ́ríkà ni ó ti ra lára epo rọ̀bì tí ó fọ̀ ní ọdún náà, nítorí èyí tí ó rí gbà nílé kò tó o. Àwọn àgbà ní ènìyàn kì í gbé etí odò kí ó máa fi itọ́ bọ́jú. Àwa ń gbé etí òkun, itọ́ ni a sì fi ń bọ́jú.

Iná mànàmáná ńkọ́? Epo rọ̀bì kọ́ ni àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá wa ń lò. Omi ni Kainji, Jẹ́bbà àti Shiroro ń lò. Gáàsì ni àwọn tí ó pọ̀ jù ń lò, bí irú Egbin lẹ́bàá Ìkòròdú, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 1,320 mẹ́gáwáàtì. Bí a bá ro agbára gbogbo wọn pọ̀, ó tó nǹkan bíi 13,000 mẹ́gáwáàtì, ṣùgbọ́n èyí tí ó ń dé orí wáyà kì í sábà ju 4,000 sí 5,000 lọ. Kí ni ó fà á? Gáàsì kì í tó wọn, nítorí gbèsè tí wọ́n jẹ àwọn tí ń tà á. Wáyà ńlá tí ń gbé iná káàkiri ilẹ̀ yìí kò sì lágbára. Ní ọdún 2024 nìkan, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó dákú lódindi. Gáàsì tí ń bá epo jáde ní Bonga ní tirẹ̀ a máa gba páìpù lọ sí Bonny, níbi tí wọ́n ti ń sọ gáàsì di omi, tí wọ́n sì ti ń kó o lọ tà ní òkèèrè láti ọdún 1999. Kànga tuntun kò lè san gbèsè yẹn, kò sì lè tún wáyà ṣe.

A kò ní ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkejì. Àwọn tí ń gbè sẹ́yìn epo inú òkun ní kò rọrùn fún olè láti dé inú ibú lọ fọ́ páìpù bí wọ́n ti ń ṣe nínú ẹrẹ̀ Delta. Òótọ́ ni. Wọ́n tún ní kí a wo Gánà. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a wò ó. Gánà bẹ̀rẹ̀ sí í fa epo inú òkun ní Jubilee ní oṣù Kejìlá ọdún 2010. Láàárín ọdún 2012 sí 2016, iná ń lọ, iná ń bọ̀ níbẹ̀ débi tí àwọn ará ìlú fi sọ ìyà náà lórúkọ, wọ́n ní “dumsor”. Epo wà nígbà náà, iná ni kò sí. Ohun tí ó wá ṣèrànwọ́ ni pé wọ́n fa gáàsì láti inú òkun wá sórí ilẹ̀ fún àwọn ilé iṣẹ́ amúnáwá, ti Jubilee lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ti Sankofa ní ọdún 2018. Ẹjọ́ tiwa gan-an ni Gánà bá wa rò.

Ìnáwó kan tún wà tí a kì í kà mọ́ ọn. Ọmọ ìyá wa ni àwọn Ìlàjẹ ti ìpínlẹ̀ Oǹdó, etí òkun yìí ni wọ́n sì ń gbé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ gun orí pèpéle epo Parabe ti Chevron lọ fi ẹ̀hónú hàn. Àwọn ológun dé, wọ́n yìnbọn, ènìyàn méjì sì kú. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2008, ilé ẹjọ́ dá ilé iṣẹ́ náà láre. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, nǹkan bíi 40,000 àgbá epo tú sínú òkun ní Bonga. Ní ọdún 2020, kànga Ororo gbiná nínú òkun tí ó kọjú sí Ìlàjẹ, ọdún sì gorí ọdún tí iná náà ń jó. Láàárín ìgbà wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù Oǹdó lo ọdún púpọ̀ láìrí iná ìjọba rárá. Iná ń jó lójú òkun, òkùnkùn sì kún inú ilé. Bí epo inú òkun bá lè yanjú ọ̀ràn iná fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà wọn ni ìbá ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba. Èkíní, kí wọ́n má ṣe fọwọ́ sí ìwé kànga òkun kankan mọ́ láìkọ ọ́ sínú rẹ̀ iye gáàsì tí yóò wá sí ilé iṣẹ́ amúnáwá nílé àti ọjọ́ tí yóò dé. Èkejì, kí wọ́n san gbèsè gáàsì, kí wọ́n sì tún wáyà ńlá ṣe. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ìlú tí epo wà lẹ́nu ọ̀nà wọn kọ́kọ́ rí iná. Àwa tí a wà ní Abuja kò ní àwáwí, nítorí ilé gogoro NNPC kò jìnnà sí Wuye, ilé àwọn aṣòfin náà kò sì jìnnà. A dá a lábàá pé kí àwọn alákòóso ẹ̀ka wa kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé, kí wọ́n fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ olú ilé ẹgbẹ́.

Kí ìjọba tó dáhùn, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ tiwa náà. Aránṣọ, onígbàjámọ̀, awẹ́dà àti àwọn ìyá wa tí ń ta ẹja inú yìnyín ni ọ̀wọ́n epo jẹnẹrétọ̀ ń dùn jù. A rọ ẹgbẹ́ pé kí a dá àpò àjọdá kan sílẹ̀, láti máa fi ra sóólà fún ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí olúwarẹ̀ sì máa san án padà díẹ̀díẹ̀. A sì bẹ gbogbo yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fa iná tí kò gba inú mítà kọjá. Owó iná tí a kò san wà lára gbèsè tí kò jẹ́ kí gáàsì dé ilé iṣẹ́ amúnáwá.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ẹ jẹ́ kí a pé jọ sí ìpàdé tí ń bọ̀, kí a fi ẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí. Ire o.